Àlejò Lójú, Onílé Ló Dijú

Àwọn baba wa máa ń sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọn kò fi òwe náà bú àlejò o. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò lè mọ ìdí tí wọ́n fi dojú àga kan kọ ògiri, tàbí ìkòkò tí wọn kì í ṣí lálẹ́. Kó bi onílé, onílé á là á yé e. Bí òwe ṣe wà nìyẹn kí ayé tó dorí kodò. Lónìí, onílé ló ń háyà àlejò pé kó wá sọ ohun tó wà nínú ilé fún òun, òun náà ni yóò sì san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Kọnsọ́tántì ni wọ́n ń pe àlejò yìí. Kò sí iṣẹ́ tí kò ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti mùsíọ́ọ̀mù, ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti ti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà àdúgbò ni mo fẹ́ sọ. Kò di dandan kó jẹ́ òyìnbó. Lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ wa ni, tó lọ kàwé gboyè lókè òkun, tó gbé lápútọ́ọ̀pù àti ohùn tuntun bọ̀.

Ààlọ́ o! Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí mùsíọ́ọ̀mù kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Bàbá tó ń tọ́jú àwọn ère ibẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba, ó ní páànù mẹ́rìnlá péré ni òun ń fẹ́. Ìjọba fèsì pé kò sí owó páànù, ṣùgbọ́n owó ìmọ̀ràn wà nílẹ̀. Bí kọnsọ́tántì ṣe dé nìyẹn. Ó sun òtẹ́ẹ̀lì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó yọ sí Bàbá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kí ni ìpèníjà yín tó ga jù lọ?"

"Òjò ni."

"Mo gbọ́ yín, sà. Ìran wo lẹ wá ń rí fún ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀?"

"Mò ń rí i pé òjò á tún rọ̀."

Kọnsọ́tántì mi orí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àjọṣe tó wà láàárín inú ilé náà àti ojú ọ̀run ti lágbára ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó kọjá sọ́dọ̀ ìyá aláró tí àgbàlá rẹ̀ wà lẹ́yìn mùsíọ́ọ̀mù.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ètò ẹ̀kọ́ wo lẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín?"

"Ọmọ mi, mò ń ṣe é, wọ́n ń wò mí. Bí wọ́n bá bà á jẹ́, mo ní kí wọ́n tún un ṣe."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìyá kò ní ètò ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà wá pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì tó pè ní Àwòkọ́ àti Àtúnṣe. Ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ pè pé kó wá jókòó. Wọ́n fún un ní bísíkíìtì àti mínírà, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ láró. Ìrónilágbára ni wọ́n pè é. Ìyá tó ti ń ki ọwọ́ bọ aró láti ìgbà tí kọnsọ́tántì kò tíì hu eyín ni wọ́n ró lágbára.

Nígbà tó yá, ìwé àbọ̀ dé, ojú ìwé 140. Ó ní kí mùsíọ́ọ̀mù yí orúkọ padà, kó wá àmì ìdánimọ̀ tuntun, kó sì háyà kọnsọ́tántì mìíràn tí yóò ṣàlàyé ìwé náà. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ojú ìwé 137 ni ọ̀rọ̀ páànù fara hàn, ohun tó sì sọ kò ju pé kí wọ́n túbọ̀ ṣèwádìí lọ. Àpótí onígíláàsì kan ṣoṣo ni òjò kì í kàn nínú ilé náà. Nítorí pé ìwé olówó gọbọi kò gbọdọ̀ tutù, wọ́n kó ère ìbejì kúrò nínú rẹ̀, wọ́n gbé ìwé síbẹ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé ń gba òjò, ìwé ń gba afẹ́fẹ́. Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká.

Ẹ má sọ pé àlọ́ lásán ni. Ní Ẹ̀sìẹ́, ní ìpínlẹ̀ Kwara, àwọn ère tí wọ́n fi òkúta rírọ̀ gbẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n lé ní 1,000. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, wọ́n sì ń bọ wọ́n. Síbẹ̀ ohun tí ìwé ń sọ ni pé ọdún 1933 ni wọ́n "rí" wọn, ìyẹn nígbà tí òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò débẹ̀. Wọ́n dá mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, iṣẹ́ rere sì ni. Ṣùgbọ́n ojú tí àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ fi ń wo àwọn ère náà kí 1933 tó dé ńkọ́? Ó dà bíi pé kò sí lára ojú.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, pé àlejò náà ní ohun tó ti rí lọ́nà. Òótọ́ ni, n kò jà á níyàn. Ní 1947, Fáda Kevin Carroll, àlùfáà òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ ètò iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Kò kọ́ agbẹ́gilére kankan ní igi gbígbẹ́. Ó wá Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ògún ará Òsì-Ìlọrin, ó gbé iṣẹ́ fún un, ó sì sanwó. Ìtàn Bíbélì ni kí wọ́n gbẹ́, kí wọ́n gbẹ́ ẹ bí ojú Yorùbá ṣe rí i. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́, òun náà sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ẹ wo Òṣogbo pẹ̀lú. Ilé ọtí ni Dúró Ládiípọ̀, onítíátà, sọ di ilé iṣẹ́ ọnà ní 1962, pẹ̀lú òyìnbó kan, Ulli Beier. Mbari ni wọ́n fẹ́ pè é, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n yí i lẹ́nu, ó di Mbari Mbayo: bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Wọn kò sanwó fún ẹnikẹ́ni kó tó bá wọn wá orúkọ. Nígbà tí Georgina Beier sì ṣe wọ́kṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbẹ̀ ní 1964, ọ̀dà àti ohun ìyàwòrán ló kó lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Twins Seven-Seven wà lára wọn, ẹni tó jẹ́ pé ijó ló ń bá àwọn tó ń ta oògùn kiri jó. Jímọ̀ Bùráímọ̀ náà wà níbẹ̀, ẹni tó wá fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Àlejò tó mọ ìgbà tó yẹ kóun dákẹ́ ni àwọn wọ̀nyí rí.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá àwòrán kọnsọ́tántì gan-an, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ní apá kan ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́. Ní apá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá kí i. Kò fẹsẹ̀ rìn o. Ó ká orúnkún sínú àga tí àwọn aláàárù gbé rù. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ilẹ̀kùn lọ, àga dé. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà wá lónìí kò yàtọ̀ sí pààrọ̀ yẹn.

Ta ló wá ríran nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí? Ẹni tó wà nínú àga, ẹ̀yìn ọrùn aláàárù ló ń wò. Ọlọ́wẹ̀ ló wo gbogbo wọn láwòfín, ẹni tí wọ́n gbé àti àwọn tó gbé e. Kò sẹ́ni tó pè é ní kọnsọ́tántì.

Nítorí náà, bí àlejò bá tún dé, ẹ kí i káàbọ̀, ẹ fún un lómi mu. Kí páànù kọ́kọ́ jẹ nínú owó, kí oníṣẹ́ ọnà jẹ tẹ̀lé e, kí ìwé jẹ ìyókù. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀ nínú àga tí a gbé e sí, kó bọ́ kóòtù sílẹ̀, kó wá bá Bàbá di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú. Bí Bàbá bá ti ń kan páànù lókè, tí ìṣó kan bá já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ gbé e. Níbẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú rẹ̀ ríran.