Ìjàpá Ta Ẹsẹ̀, Ó Ra Irùngbọ̀n

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá, alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ẹranko Ìkòròdú, àti Ìgbín, olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà tó pẹ́ jù lọ.

Ìgbín kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tàn jẹ. Inú koríko ẹ̀yìn pápá Oníkàn ló ti ń yọjú wo tọmọ aráyé. Ojú rẹ̀ ni Stationery Stores ṣe gba ife líìgì ní 1992, tí wọ́n sì wá rá débi pé bó bá dárúkọ wọn lónìí, àwọn ọmọdé á ní ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta bébà ni. Ó rí Ikorodu United tó wà ní líìgì àgbà ní 2016, tó já bọ́ lọ́dún yẹn kan náà. Ó rí Ikorodu City tó gòkè ní 2024, tó fi Oníkàn ṣe ilé, tó fi jẹ́ pé ará Ìkòròdú gbọ́dọ̀ sọdá sí Èkó kó tó wo ẹgbẹ́ ìlú ara rẹ̀. Nítorí náà, bí Ìgbín bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ ṣáà wá àga, torí kì í tètè parí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ipò kẹta ni ẹgbẹ́ ẹranko ṣe. Ehoro ń sá lápá ọ̀tún, Ọ̀bọ ń ṣọ́lé, Ẹfọ̀n dúró lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó jẹ́ gbabẹ̀ kọjá. Ìgbín ní bí wọ́n bá lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kàn ra ẹnì kan ṣoṣo tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá sáwọ̀n kún wọn, ife ti dé nìyẹn.

Líìgì parí, òjò dé. Ìjàpá wọ agbádá, ó ta Ehoro fún àwọn ẹranko Ìkẹ́nnẹ́, ìlú tí Remo Stars gbé ife líìgì lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2025. Ọ̀kẹ́ owó mẹ́ta ni wọ́n san. Ìgbín gbọ́, ó figbe ta, ó dá orin:

Lílé: Ìjàpá, ta lo tún tà?
Ègbè: Jáńjálá, ó ti lọ!
Lílé: Ẹlẹ́sẹ̀ eré wa ńkọ́?
Ègbè: Jáńjálá, ó ti lọ!
Lílé: Owó tí wọ́n san ńkọ́?
Ègbè: Jáńjálá, ó ti lọ!

Ìjàpá ní, “Bàbá, ẹ fara balẹ̀. A ń tún ẹgbẹ́ tò ni.”

Ìgbín ní, “Alága, kí lẹ fẹ́ tò, nígbà tí ẹ ti tà á?”

Ọ̀bọ náà lọ. Ìwé àdéhùn rẹ̀ ti parí, kò sẹ́ni tó mọ̀, torí Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ti fi ìwé ọ̀hún pọ́n àkàrà. Ẹfọ̀n béèrè owó oṣù mẹ́rin tí wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní kò nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́, lòun náà bá lọ.

Ìjàpá wá kó owó Ehoro, ó gba ọ̀nà Itoikin, ó di ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní ibẹ̀ lòun ti máa ra agbábọ́ọ̀lù tí ẹnu yóò ya gbogbo ayé. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Olúwo rí mọ̀ pé kì í ṣe ẹja nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹran ìgbó ń bẹ, ahun náà ń bẹ. Ìjàpá rí àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n fi okùn so sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ń pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é. Ó fa orí wọlé, ó dákẹ́ títí ó fi kọjá. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ló gbé òun wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí.

Létí omi ló ti bá Ọ̀nì pàdé. Ọ̀nì ni ejẹ́ǹtì. Ó fi Àrọ̀ hàn án nínú báfù. Àrọ̀ fò sókè, omi ta sí Ìjàpá lójú.

Ọ̀nì ní, “Ẹ ò rí agbára! Òkè òkun ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.”

Ẹja odò ni Àrọ̀, iyọ̀ òkun á pa á. Ìjàpá kò béèrè ohun tó lọ ṣe lọ́hùn-ún. Ohun tó béèrè ni pé, “Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?”

“Alága, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni Ehoro ní, ṣé ó gba ife fún yín? Irùngbọ̀n ni kẹ́ ẹ wò. Ìrírí nìyẹn.”

Ìjàpá san ọ̀kẹ́ méjì. Ọ̀kẹ́ kẹta di agbádá mìíràn. Ọ̀nì fi Àkùkọ ṣe ènì, ó ní kóòṣì ni.

Nígbà tí wọ́n dé Ìkòròdú, èrò ti kún. Àkùkọ gun orí àpótí, ó kọ, ó kọ, kò mí. Àwọn ẹranko pàtẹ́wọ́. Àwọn tó sunkún nígbà tí Ehoro lọ ti ń béèrè iye tí jẹ́sì Àrọ̀ jẹ́. Ìgbín nìkan ló gbé orin:

Lílé: Báfù wo lẹ gbé wọ pápá?
Ègbè: Jáńjálá, ẹ bomi sí i!
Lílé: Bọ́ọ̀lù bá dé iwájú ilé ńkọ́?
Ègbè: Jáńjálá, ẹ bomi sí i!

Ó tọ Ìjàpá lọ lálẹ́. “Alága, ẹgbẹ́ 20 ló wà ní líìgì àgbà, mẹ́rin ló ń já. Ẹ bá mi wá mẹ́rin tí tiwọn burú ju tiwa yìí lọ. Ẹ ti ta gbogbo ẹni tó mọ pápá. Ta ló kù tí ẹ máa tà?”

Ìjàpá yọ ìwé kan jáde lábẹ́ agbádá. “Bàbá, ọ̀rọ̀ yín gan-an ló wà níbí. Àwọn ẹranko Ẹ̀pẹ́ fẹ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ti ní agbábọ́ọ̀lù, wọn ò ní olólùfẹ́ tó mọ̀ ọ́n kígbe. Wọ́n ti gbọ́ òkìkí yín. Mo ti tà yín.”

Ìgbín yọ ìwo méjèèjì. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. “Èmi! Èló ni wọ́n san?”

“Ẹgbàá kan.”

“Ẹgbàá kan péré? Ehoro àná tó gba ọ̀kẹ́ mẹ́ta ńkọ́? Ṣé ẹ sọ iye ọdún tí mo ti lò fún wọn? Ẹ padà lọ. Bí kò bá pé ọ̀kẹ́ kan, ẹ má fọwọ́ sí i. Bí wọn ò bá gbà, Ìkẹ́nnẹ́ ṣáà ń bẹ.”

Ìjàpá tẹ bírò lẹ́nu, ó ní, “Ṣé iyọ̀ ò sí níbi tí mo máa kọ ọ́ sí?”

Ìgbín ní kó kọ ọ́ pé òun kì í gba iyọ̀, owó lòun ń gbà.