Ta Ni Ó Mọ Ògiri Yí Adúgbò Wa Ká?

Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún tí ó wà ní Èkó àti ní Ìbàdàn, àti àwọn tí ó ti fò kọjá òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bá ń wọ́ bọ̀ wá sílé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó máa ń gba ẹnu àwọn àgbà inú wọn bí wọ́n bá ti jókòó ti agbè ẹmu: ayé ti bàjẹ́. Ayé dára nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Ilẹ̀kùn kò ní àgádágodo; ìkòkò ọbẹ̀ ìyá ẹni kò yàtọ̀ sí ti ìyá ẹlòmíràn; aládùúgbò kì í sì í bá aládùúgbò jà. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè kà á lórí, mo sì ti ṣàkíyèsí pé bí ẹmu bá ṣe ń kan sí i ni ayé àtijọ́ ṣe ń dára sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti ìjà. Ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ sọ pé Ìlá-Yàrà ni gbogbo àwa ọmọ Fágbàmílà Àjàgún-ńlá jọ ń gbé, kí ìjà oyè tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ọba, tí àwọn kan fi wá tẹ̀dó sí orí ilẹ̀ olókè tiwa yìí, tí àwọn yòókù sì gba ibi tí à ń pè ní Ìlá Ọ̀ràngún lónìí lọ. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀ràngún fi di méjì, tí àárín ìlú méjèèjì kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 12 lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ayé àtijọ́ kò mọ ìjà aládùúgbò ni, ọba kan ṣoṣo ni à bá máa kí, owó ìwúyè kan ṣoṣo ni à bá sì máa dá.

Wọn a tún ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ pé nínú igba ojú náà, ọgọ́rùn-ún ń wá ẹ̀sùn kiri. Bí ọmọ kan bá fọ́ agbè lọ́nà odò, ìyá tí ó kọ́kọ́ rí i a nà án nítorí agbè. Ìyá kejì, tí ó gbọ́ igbe rẹ̀, a nà án nítorí ariwo. Bí ó bá délé, ìyá tí ó bí i a nà án nítorí ìtìjú tí ó kó bá agboolé. Bí baba bá sì ti oko dé lálẹ́, a tún jí i dìde lórí ẹní, a nà án, kí ó má baà gbàgbé ẹni tí ó ni ilé. Agbè kan ṣoṣo ni ó fọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ó sì ṣọ̀wọ́n kí òbí tó ní ìwé ọjọ́-ìbí lọ́wọ́, ọ̀nà tí àwọn tíṣà fi ń mọ ọmọ tí ó ti tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ ni pé kí ó na ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kí ó sì fi ìka kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, ó wọlé. Ẹni tí orí rẹ̀ bá tóbi ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó di èèmíràn. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tí ó ń fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti ìdájí kí ó lè gùn sí i kí aago ilé-ẹ̀kọ́ tó lù. Lónìí ọmọ náà ti di baba olówó, ó sì ń sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé ní ìgbà tirẹ̀, ọpọlọ ni a fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́.

Omi ìgbà náà tutù, ó dùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Sòbìà tí ó ń ti inú omi dídùn yìí wọ ènìyàn lára, tí ó ń sọ àgbẹ̀ di arọ ní àkókò iṣẹ́ oko, kò sí nínú ìtàn wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jẹ́rìí sí i pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà pátápátá. Olóde pàápàá, àrùn tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ti rọra yọ kúrò nínú ìrántí wọn.

N kò ní purọ́ mọ́ ìgbà èwe, adùn rẹ̀ kò kéré. Bí òṣùpá bá lé, tí àwọn àgbà jẹun tán, tí àlọ́ sì ti parí lẹ́nu ìyá àgbà tí oorun ń gbé lọ, gbogbo wa a tú síta, àwọn kan a máa ṣe bojúbojú, àwọn kan a máa ta òkòtó, ọmọ tí a sì nà ní ìlọ́po mẹ́rin lọ́sàn-án a wà níwájú gbogbo wa. Ibi tí a ti ń ṣe é ni àyè tí ó wà láàárín ilé sí ilé, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, tí ó sì jẹ́ ti gbogbo wa.

Àyè yẹn dà? Ẹ lọ wò ó. Ògiri ti gbé e mì, ògiri náà ga ju ènìyàn méjì lọ, a to àfọ́kù ìgò sí orí rẹ̀, ajá méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn baba ẹlẹ́mu wọ̀nyí gan-an ni wọ́n mọ ọ́n.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo bá ìyá arúgbó kan lẹ́nu géètì ọ̀kan nínú wọn, ó gbé èlùbọ́ sínú agbọ̀n, ó wá kí ọmọ tí òun pọ̀n dàgbà káàbọ̀. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì gbé ìwé jáde.

“Mama, ẹ kọ orúkọ yín síbí, kí ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ bá wá.”

“Èmi kọ́ ni mo pọ̀n ọ́n ni? Sọ fún un pé èmi ni.”

“Ọ̀gá ní àlejò wà lọ́dọ̀ àwọn.”

Àlejò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, nítorí èmi ni wọ́n ń retí, nígbà tí mo sì wọlé, mo bá a níbi tí ó ti ń ṣàlàyé pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ilẹ̀kùn kò ní àgádágodo. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, fóònù wà lọ́wọ́ oníkálukú wọn, ó sì ń bú wọn pé wọn kò mọ bí a ti ń kí aládùúgbò. Ọmọ tí a kò kọ́ ni í gbé ilé tí a kọ́ tà, òun ni ó pa òwe náà, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí àwọn ọmọ náà ìbá ti rí aládùúgbò kí, àyàfi bí wọ́n bá gun àkàbà.

Inú mi dùn láti sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi pé wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i. Ní ìpàdé wọn tí ó kẹ́yìn, wọ́n fẹnu kò pé kí a ra ilẹ̀ kan nínú ìlú, kí a sọ ọ́ di Pápá Ìrántí Ìgbà Èwe, níbi tí àwọn ọmọ yóò ti máa ṣeré òṣùpá bí ti àtijọ́. Wọn kò tí ì rí ilẹ̀ rà, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni ó ti rà á tán. Owó ògiri rẹ̀ ti pé, àríyànjiyàn tí ó sì kù ni ti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.