Bọ̀ọ̀dá Mo-Lè-Ṣe-É

Ọkùnrin kan wà ní Houston, ní Texas ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo Yorùbá ibẹ̀ mọ̀. Ó wà ní Dallas náà, ó wà ní Atlanta, ó sì wà ní gbogbo ibi tí àwọn ènìyàn wa bá ti ra ilé tó ní gáréèjì. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ yàtọ̀ láti ilé kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n oyè kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ: Bọ̀ọ̀dá Mo-Lè-Ṣe-É. Ní Sátidé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé agbádá wọ̀ lọ sí òde, òun á wà ní gáréèjì, á fi pẹ́ńsù há etí, á tẹjú mọ́ fóònù, á máa wo bí òyìnbó kan ṣe ń kan pẹpẹ mọ́ ògiri láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tó wà nílé ní Nàìjíríà, kò kan ìṣó rí. Bí ẹsẹ̀ àga bá yẹ̀, ọmọ ni wọ́n máa rán lọ pe káfíńtà tó wà ní ìkòríta. Káfíńtà á dé, á lu igi náà pọ̀, wọ́n á fún un lówó oúnjẹ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá pe oníṣẹ́ wá sílé níbẹ̀ máa sanwó ìrìn, á tún sanwó wákàtí. Bọ̀ọ̀dá sanwó oníṣẹ́ omi lẹ́ẹ̀kan péré, ó wo rìsíìtì náà lọ wò ó bọ̀, ó sì búra. Láti ọjọ́ náà, òun ni oníná, òun ni oníṣẹ́ omi, òun ni oníṣẹ́ ọ̀dà, òun ni káfíńtà.

Ti pẹpẹ yàrá ìfọṣọ ló wá yọrí jùlọ. Fún ẹni tó wà nílé tí kò mọ̀ ọ́n, yàrá ìfọṣọ jẹ́ kọ́lọ́fín kan tó sábà máa ń wà láàárín ilé ìdáná àti gáréèjì, níbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ẹ̀rọ ìgbẹṣọ ti dúró ti ara wọn. Aṣọ ni ẹni tó kọ́ ilé kọ́ ọ fún. Yorùbá débẹ̀, ó gbé fìrísà kejì sí i fún ṣàkì àti ẹja àrọ̀, ó ti àpò ìrẹsì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa sórí ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, ó wá ku ibi tí ènìyàn máa fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kó rí bíi ti àwòrán orí Pinterest. Láti 2013 tí Chip àti Joanna Gaines ti bẹ̀rẹ̀ Fixer Upper, ètò títún ilé ṣe, lórí tẹlifíṣọ̀n HGTV láti ìlú Waco, ní Texas kan náà, ni àwọn ilé tuntun ti ń ṣe bí ilé àgbẹ̀ ayé àtijọ́: igi gbígbó, irin dúdú, ògiri funfun. Pẹpẹ méjì ló wà nínú àwòrán tí ìyàwó rí, wọ́n so mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìgò onídèérí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n da ọṣẹ sí, apẹ̀rẹ̀ kékeré kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, òdòdó oníke kan, àti pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ LAUNDRY sí, bóyá nítorí àlejò tó bá wọlé, tó rí ẹ̀rọ méjèèjì, tó ṣì rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni òun wà.

“Dádì, ẹ wo èyí. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ò tó dọ́là 20.”

“Ṣé èyí náà? Mo lè ṣe é.”

Ó kọ́kọ́ lọ wá igi ọ̀fẹ́. Ẹ̀yìn àwọn ilé ìtajà ńlá kún fún pálẹ́ẹ̀tì, igi tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, àwọn mìíràn sì máa ń fún ènìyàn bó bá tọrọ. Bọ̀ọ̀dá kó mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ìjókòó tí àwọn ọmọ ń jókòó sí sì fàya. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó sì máa ń ka ohun tí wọ́n bá kọ sára nǹkan, ló rí òǹtẹ̀ tó wà lára igi náà. Pálẹ́ẹ̀tì tó bá ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn sábà máa ń ní òǹtẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Wọ́n yan án títí inú igi fi gbóná dé ìwọ̀n 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ MB, afẹ́fẹ́ olóró methyl bromide ni wọ́n fín sí i. Méjì nínú mẹ́ta tí Bọ̀ọ̀dá kó wálé, MB ni.

“Ẹ dá a padà, Dádì. Èyí ò gbọdọ̀ dé ibi tí aṣọ àwọn ọmọ wà.”

Bó ṣe di èrò Home Depot nìyẹn. Bernie Marcus àti Arthur Blank dá ilé ìtajà yìí sílẹ̀ ní 1978, wọ́n sì ṣí méjì àkọ́kọ́ ní Atlanta ní ọdún tó tẹ̀ lé e, fún onílé tó bá fẹ́ ra irinṣẹ́ kó tún ilé rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Wọn ò tíì mọ Bọ̀ọ̀dá nígbà náà, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń dúró dè. Pákó kan ló lọ rà. Ó ra pákó. Ó ra dírìlì oníbátìrì, nítorí a kì í fi ọwọ́ lásán lu ògiri. Ó ra ayùn oníná, ó ra lẹ́fẹ̀lì, ó ra sáńpépà, ó ra ìbọ̀wọ́, ó ra gíláàsì tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú, ó wá ra àpótí tí gbogbo wọn máa wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, owó pákó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn nínú rìsíìtì. Títí dòní, bí ẹ bá bi í ní iye tí pẹpẹ náà ná an, dọ́là 20 ló ń wí. Àwọn yòókù, ó ní ìdókòwò ni.

Nílé ló ti wọn pákó náà, ariwo sì ta. Wọ́n kọ 1x8 sí i, ṣùgbọ́n íńṣì 7¼ ni tépù sọ pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́, nínípọn rẹ̀ kò sì ju ¾ lọ. “Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ!” Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ìwọ̀n tí igi ní nígbà tó ṣì tutù, tí wọn ò tíì gbá a ní rándà, ni wọ́n fi ń pè é. Bó bá gbẹ, tí wọ́n sì fá a tán, ó ti súnkì. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó bá ti lo oṣù kan ní ọjà pákó Bọ̀dìjà ní Ìbàdàn mọ̀ pé igi tó bá wọ ẹnu rándà kì í jáde bó ṣe wọlé. Bọ̀ọ̀dá ní oyè kejì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Wọn ò kọ́ wọn ní rándà níbẹ̀.

Pákó yìí wá tuntun jù, ó sì gbọ́dọ̀ gbó bíi ti inú àwòrán. Fídíò ní kó rẹ kànrìnkàn irin sínú fínígà di ọjọ́ kejì. Irin á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀. Bí omi náà bá sì kan igi tó ní èròjà tannin, igi á ṣú, á dà bí èyí tí òjò ti pa fún ogún ọdún. Igi pine kò ní tannin púpọ̀, nítorí náà tíì tó ki dáadáa ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi kùn ún. Bọ̀ọ̀dá bá dúró ní gáréèjì, ó da páálí Lipton kan sínú omi gbígbóná, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fún pákó ní tíì, láìsí mílíìkì, láìsí ṣúgà. Àárín èyí ni ìyá rẹ̀ pè é lórí WhatsApp, tojú-tojú.

“Kí lò ń ṣe yẹn, ọmọ mi?”

“Mọ́mì, mò ń jẹ́ kí igi yìí gbó ni, mà.”

Ìyá dákẹ́ díẹ̀. Pákó àjà ilé wọn ní Ìjẹ̀bú ti gbó láìsí ẹni tó fún un ní tíì, owó tí ọmọ yìí kan náà fi ránṣẹ́ ni ìyá sì fi yọ ọ́ dànù, tó fi PVC rọ́pò rẹ̀.

Ó wá ku ògiri. Ògiri tí Bọ̀ọ̀dá mọ̀ ni ti búlọ́ọ̀kù, èyí tí ènìyàn ń lu ìṣó mọ́ tí ìṣó ń ká kò. Ògiri inú ilé Amẹ́ríkà, gypsum ni, tí wọ́n fi pépà bò tẹ̀yìn tojú, tí nínípọn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdajì íńṣì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, àfi ibi tí òpó igi bá wà, wọ́n sì sábà máa ń to àwọn òpó yìí ní íńṣì 16 síra wọn, láti àárín dé àárín. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù kọ́ ògiri bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá òpó. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó fún un: yóò lẹ̀ mọ́ orí súkúrù tí wọ́n fi de gypsum mọ́ igi. Bọ̀ọ̀dá kò wá òpó. Físà ló lò, èyí tó kó bọ̀ láti Èkó, ike kékeré tí Artur Fischer ará Jámánì ṣe ní 1958, tí àwọn oníná wa sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Inú ohun líle ni agbára físà wà. Ó fẹ́ rí nǹkan tó máa fẹ̀ mọ́. Nínú gypsum, ó wọlé bí ẹni ki ìka bọ mọ́ínmọ́ín, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe jáde.

Òru ló jáde. Ìgò ọṣẹ fọ́, òdòdó oníke kò ṣe nǹkan kan, LAUNDRY dojú bolẹ̀ lẹ́yìn fìrísà. Bọ̀ọ̀dá tún padà lọ ra ohun tí wọ́n fi ń dí ihò, ọ̀dà tí wọ́n máa fi bò ó, àti ẹ̀rọ tó ń wá òpó. Ìyẹn náà kò sí nínú dọ́là 20.

Pẹpẹ dúró nígbẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ló kàn lọ sílẹ̀ díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kò rí i. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Michael Norton, Daniel Mochon àti Dan Ariely, ti tẹ ìwádìí jáde lórí irú ojú báyìí ní 2012. Wọ́n ní kí àwọn kan to àpótí ilé ìtajà IKEA fúnra wọn, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀. Owó tí àwọn tó tò ó fẹ́ san lórí àpótí kan náà fi ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tí wọ́n ní kó fi pépà ṣe ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́? Wúruwùru tí wọ́n ṣe é, wọ́n ń díye lé e bí ẹni pé ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà ló ṣe é. Orúkọ IKEA ni wọ́n fi pe ìwà yìí. Bó bá jẹ́ Houston ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà, orúkọ Bọ̀ọ̀dá ni wọn ì bá fi pè é.

Láti ìgbà náà, kò sí àlejò tó wọ ilé yẹn tí kì í dé yàrá ìfọṣọ. Ọjọ́ ìbí ọmọ ni wọ́n pè yín sí, abọ́ ìrẹsì ṣì wà lọ́wọ́ yín, á ní ẹ bá òun ká lọ. Ẹ ó dúró láàárín fìrísà àti àpò ìrẹsì, ẹ ó gbórí sókè. “Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.” Bí ẹ bá fi lè ní “ẹ kú iṣẹ́”, ó di ìtàn, orí pálẹ́ẹ̀tì ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Á ní inú ẹ̀jẹ̀ wa ni iṣẹ́ igi wà, pé ṣebí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924, tó sì wà ní British Museum. Òótọ́ ni. Ìtẹ́ tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pààrọ̀ ilẹ̀kùn náà lọ́wọ́ ọba. Kò tíì sẹ́ni tó fi ìtẹ́ lọ Bọ̀ọ̀dá.

Ó gbé àwòrán rẹ̀ sí WhatsApp ẹbí. Àǹtí kan dáhùn láti Òṣogbo: “O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ṣé kò sí wàhálà níbi iṣẹ́ rẹ?”

Kò sí ohun tó burú nínú kí ọkùnrin mú ayùn dání. Ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ tí a ń bá a rò. Ohun tó ń bíni nínú ni pé ọkùnrin kan náà yìí, bó bá wálé ní Disẹ́ńbà, tó fẹ́ kí wọ́n kan wọ́dúróòbù sí ilé tó ń kọ́ sí Ìbàdàn, á gé owó iṣẹ́ káfíńtà sí ìdajì. “Igi tí mo fowó ara mi rà náà lẹ fẹ́ gba iyẹn lé lórí? Iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré!” Bẹ́ẹ̀, odindi oṣù kan ni òun lò lórí pẹpẹ kan ṣoṣo tó ṣì wọ́. Ènìyàn á rò pé ẹni tí físà ti já sílẹ̀ lóru máa ṣàánú oníṣẹ́. Rárá o. Ńṣe ló yọ fóònù, tó ń fi àwòrán han káfíńtà: “Ẹ wò ó, èmi náà ń ṣe é.” Káfíńtà wo àwòrán, ojú rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì díẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.” Owó iṣẹ́ ló ń wá.

Títí di bí a ṣe ń wí yìí, nǹkan gidi kan kò sí lórí pẹpẹ náà. Ọṣẹ tí wọ́n ń fi fọṣọ ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ nílẹ̀, nítorí ìyàwó ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ohun tó wúwo sókè. Lẹ́yìn ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, níbi tí ojú àlejò kò dé, ọ̀pá tí ooru ń gbà jáde ti kún fún eruku òwú. U.S. Fire Administration, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, ṣírò rẹ̀ fún 2008 sí 2010: nǹkan bí iná 2,900 lọ́dún ló ń ti ara ẹ̀rọ ìgbẹṣọ bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, àìnu ẹ̀rọ náà ló sì ṣáájú nínú ohun tó ń fà á. Ẹ̀yin tí ẹ bá máa yà kí i ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ yin pẹpẹ náà dáadáa, ẹ ní ó dúró ṣánṣán. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a fa ẹ̀rọ yẹn síwájú, kó tú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, kó gbọn eruku inú rẹ̀ dànù, kó sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo kúrò lórí rẹ̀.