Sínkì àti Ọmọ Ẹ̀yìn Mẹ́fà

Ẹ bá mi kí àwọn ará Slipway ní Monrovia o! Wọ́n kọ́lé sétí odò Mesurado: omi ń bẹ nísàlẹ̀, omi tún ń bọ̀ lókè. Òjò ìlú yẹn ju 4,000 mílímítà lọ lọ́dún. Òjò Ìbàdàn tó bá débẹ̀, agbòjò ni yóò kọ́kọ́ yá. "Zinc" ni wọ́n ń pe páànù níbẹ̀. Orúkọ ọ̀hún bá a mu, torí sínkì ni wọ́n fi bo irin ara rẹ̀ kó má baà dógùn-ún. Ẹ wá padà wò ó lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí òjò àti afẹ́fẹ́ òkun ti nà án: ó ti pọ́n bí ata rodo.

Sínkì yìí, tí kò lè bá òjò gbé lórí òrùlé, òun làwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní kó wá máa gbénú omi tọ̀sán tòru, nínú bátìrì, kó má sì bàjẹ́. Wọ́n ní ìdí wọn. Omi inú bátìrì lítíọ́mù lè gbiná bíi pẹtiróòlù. Omi gidi ni ti sínkì, ta ló sì ti rí iná tó jó odò Mesurado? Ìlú tí ogun ba ẹ̀rọ iná Mount Coffee rẹ̀ jẹ́ ní 1990, tí kò tún ṣiṣẹ́ títí di Oṣù Kejìlá 2016, mọyì ohun tó lè tọ́jú iná pamọ́. Títí di ìsinsìnyí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí odò Saint Paul tó ń yí ẹ̀rọ náà fà, iná náà á fà tẹ̀lé e.

Sínkì, jókòó, ó kàn ọ́. A ti mọ̀ ọ́ tipẹ́. Ìwọ ni Volta lò ní 1800. Ìwọ náà ni agolo bátìrì Tiger Head tí bàbá wa ń sá sóòrùn kó lè gbọ́ ìròyìn alẹ́. Bó o bá ń ṣiṣẹ́, ara rẹ lò ń jẹ, títí agolo á fi lu, tí wàá wá su omi sínú rédíò onírédíò. Àlọ nìkan lo mọ̀. Wọ́n wá ní kó o máa lọ bí a bá ń lo iná bátìrì, kó o máa bọ̀ bí a bá ń fi iná kún un, ẹgbẹ̀rún ìgbà, ibẹ̀ nìwà rẹ ti hàn.

O kì í dá rìn. Bó o bá ti bọ́ sómi, èérún omi mẹ́fà á yí ọ ká bí olóyè tó ń ròde. Bó o bá padà délé, lára irin sínkì tó o ti jáde, wàá já gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ẹ̀yìn tí kò ríṣẹ́ ṣe á dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀: wọ́n á di háídrójìn, bátìrì á wú bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà àná. Ìwọ olóyè pàápàá kò mọ ìjókòó. Dípò kó o tẹ́ pẹrẹsẹ, orí òkìtì tó wà nílẹ̀ lò ń gùn, wàá hu ẹ̀gún, ẹ̀gún á gún aṣọ tí wọ́n fi dá yàrá bátìrì sí méjì, á kan òdìkejì. Ó parí nìyẹn.

Ní 2018, láti tún ìwà yìí ṣe, àwọn kan ní Yunifásítì Maryland da iyọ̀ sómi débi tí omi fúnra rẹ̀ ń wá ibi tó máa jókòó sí. Ó ṣiṣẹ́ o, mo jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iyọ̀ ọ̀hún: lítíọ́mù 20 sí sínkì 1! Lítíọ́mù tá a ní ká sá fún ló kó ẹbí ẹ̀ wọlé yìí, iyọ̀ rẹ̀ sì wọ́n bí ojú. Ṣé bátìrì sínkì lèyí, àbí ilé lítíọ́mù tí sínkì háyà yàrá kan nínú ẹ̀?

Ti 2021 ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àwọn olùwádìí da glúkóòsì sínú omi tí wọ́n ti po sọ́fétì sínkì sí. Ṣúgà yìí ń gbapò lọ́wọ́ ọ̀kan nínú ọmọ ẹ̀yìn mẹ́fà, ó tún ń lẹ̀ mọ́ ojú sínkì kó má hu ẹ̀gún. Ẹ tún èlò ọbẹ̀ náà kà: omi, ṣúgà, sọ́fétì sínkì. Kò ha jọ ohun tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru? Láti 2004 ni WHO àti UNICEF ti ní kí wọ́n máa fi oògùn sínkì ti omi oníyọ̀ àti ṣúgà lẹ́yìn, fún ọjọ́ 10 sí 14.

Bẹ́ ẹ bá gbé bátìrì yìí dé ọ̀dọ̀ màmá nọ́ọ̀sì ní Slipway, kò ní bi yín ní fóltéèjì. Á gbé e sókè, á rí omi tó ń jò nídìí rẹ̀, á ní: "Ó ti tọ́jọ́ mélòó tó ti ń yà báyìí?"