Ìjàpá Kọ́lé fún Àwòrán

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò dá lórí ẹlòmíràn bí kò ṣe Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, àti Alángbá tó ń bá wọn ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

Ní ayé àtijọ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó jìnnà jù, torí rélùwéè ti ń kọjá ní Agége nígbà náà, ilé-iṣẹ́ sì ti kún Ìkẹjà láti Ọ̀gbà dé Orẹ́gùn, gbogbo ẹranko ló níṣẹ́ lọ́wọ́. Erin ń yọ́ irin. Ọ̀bọ ń wa dánfó ní Ìyánà-Ìpájà. Ewúrẹ́ ń ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan, ojoojúmọ́ ló sì ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, torí ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń yí gbà kó má baà kọjá níwájú ilé ìpẹran Oko-Ọba. Yánníbo ń ta búrẹ́dì ní yàrá iwájú ilé wọn ní Orílé-Agége. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹlẹ́wà àgányìn á ti tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ìjàpá ní tirẹ̀ ń ra àlòkù. Páálí o, dúrọ́ọ̀mù o, ike o, wáyà o, ohunkóhun tó bá ti gba ẹ̀yìnkùlé ilé-iṣẹ́ jáde ní òpópónà Ọba Akran, ọwọ́ Ìjàpá ló ń bọ́ sí. Owó sì dé. Bó ṣe jẹ́ tí wáyà tuntun fi máa ń bá wáyà àlòkù jáde, èmi ò sí níbẹ̀, ẹ má bi mí.

Lọ́jọ́ kan, Kìnnìún ra àwòrán kan lọ́wọ́ Agẹmọ. Ìjàpá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka owó náà. Ó bá wọn kà á lójú lẹ́ẹ̀mẹta. Pákó pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, tí kò wúwo tó dúrọ́ọ̀mù òfìfo! Nígbà tó délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ké sí ìyàwó rẹ̀.

“Yánníbo, láti òní lọ, ayàwòrán ni mí.”

“Ẹ kú oríire, ọkọ mi. Kí lẹ yà?”

“Obìnrin yìí, ta ló ń ya àwòrán láìní ibi tí yóò ti yà á? Kó búrẹ́dì rẹ kúrò ní yàrá iwájú.”

Bí búrẹ́dì ṣe di ará ìta nìyẹn. Yánníbo gbé tábìlì sábẹ́ igi, ó fi ọ̀rá bo ọjà rẹ̀ nítorí òjò. Gbogbo ohun tó kù sẹ́yìn nínú yàrá kò ju pátákó gígùn kan tó fi ń to búrẹ́dì gbígbóná.

Ìjàpá ránṣẹ́ pe Alángbá. Alángbá wọ kóòtù, ó gbé ìwé ìròyìn aláwòrán kan tí wọ́n tẹ̀ ní London sábẹ́ abíyá, gbogbo ojú-ewé rẹ̀ sì kún fún yàrá àwọn ayàwòrán. Ìjàpá ṣí i, ó rí ògiri tó funfun bí ẹyin lékeléke, ó rí àga tìmùtìmù aláwọ̀ ewé, ó rí ajá funfun kan tó sùn sórí rọ́ọ̀gì.

“Ògiri funfun ni mo fẹ́.”

Alángbá mi orí. “Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá mi.”

“Kí sílìn jẹ́ píópì, kí iná rọ̀ sílẹ̀ láàárín rẹ̀ bíi ti ilé ìjọsìn.”

Alángbá mi orí.

“Ajá yẹn ńkọ́?”

Alángbá tún mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀: ajá, ọ̀kan.

Wọ́n ka ibi tí ìwé náà ti sọ pé kí fèrèsé ayàwòrán kọjú sí àríwá, kó ga, kó fẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ àríwá kì í yí padà. Ìjàpá bèèrè pé níbo ni àríwá wà. Alángbá mi orí sí apá ibi tí jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ ike kan ti ń dún lẹ́yìn ògiri. Wọ́n da ògiri ibẹ̀ wó, wọ́n fi gíláàsì dí i láti ilẹ̀ dé òkè. Wọ́n tẹ́ táìsì funfun. Wọ́n ra pákó tó gbẹ dáadáa láti Òkobàbá, wọ́n fi kan ṣẹ́ẹ̀fù tó gba igba ìgò ọ̀dà. Ìgò tó wà lórí rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, Alángbá sì to òdòdó oníke dí àlàfo. Wọ́n gbé igi ìgbékánfáàsì láti òkè òkun, ó ní táyà, ó ní bíréèkì. Lákòótán, wọ́n kọ ÌMÍSÍ gàdàgbà sára ògiri.

Àníyàn kò jẹ́ kí Ìjàpá sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Àbí ó ku ohun kan tí Agẹmọ ní tí òun ò ní? Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ Agẹmọ ní ẹ̀bá Pen Cinema, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kàn wá kí bàbá ni.

Ẹ wo ohun tó bá níbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Òrùlé rẹ̀ yọ síta dáadáa, òjò ò lè fẹ́ wọlé, oòrùn ò sì lè tọwọ́ bọ ojú iṣẹ́. Ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ló sùn sórí dúrọ́ọ̀mù méjì, ìyẹn ni tábìlì. Búrọ́ọ̀ṣì wà nínú agolo mílíìkì, ó dojú sókè. Àwọn àwòrán tó ti parí dúró lórí búlọ́ọ̀kù, ẹsẹ̀ wọn ò kan ilẹ̀, torí omi mọ ọ̀nà ilé náà bí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n ní Agége. Gbogbo ohun tó bá ń rùn, tọpẹntáìnì àti òróró, ìdérí wà lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá.

“Bàbá Agẹmọ, ògiri yín ṣe dà bí eérú báyìí? Ẹ ò rí ọ̀dà funfun rà ni?”

“Eérú ni mo fẹ́,” ni Agẹmọ wí, ó sì ń fà á bó ṣe máa ń fa ẹsẹ̀. “Tí ògiri bá funfun jù, ojú á kún fún funfun náà, gbogbo àwọ̀ tó o bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dà bíi pé ó dúdú ju bó ṣe jẹ́ lọ. Eérú kì í bá ẹnikẹ́ni du ipò.”

Ìjàpá fi fèrèsé rẹ̀ halẹ̀. Agẹmọ yí ojú kan sí i, ó yí èkejì sí ojú ọ̀run.

“Ìwé rẹ ò purọ́ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ní London, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà títí ọdún á fi yí po, fèrèsé tó kọjú sí àríwá ò ní bá a pàdé. Ṣùgbọ́n Èkó ò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń gba orí wa kọjá bọ́ sí àríwá. Ṣé o fi òrùlé bo fèrèsé yẹn?”

“Alángbá ní kò sí nínú ìwé.”

“Iná ńkọ́?”

Ìjàpá ní gílóòbù òun pọ́n bí oyin. Agẹmọ kò fèsì. Ó wọ inú yàrá lọ, ó tan irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, ó dúró lábẹ́ rẹ̀, ó sì sọ ara rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè. Ìjàpá wò ó, funfun ló rí. Agẹmọ jáde síta, ìyeyè ni. Ó ní, “Èmi tí ara mi jẹ́ àwọ̀, irú iná yẹn ń tàn mí jẹ.”

Ibẹ̀ ló ti wá sọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn kan fún un, Bruce Onobrakpeya, tó sọ ilé rẹ̀ ní Mushin di ibi iṣẹ́. Ní 1967, ásíìdì jẹ irin síńkì tó fẹ́ fi tẹ àwòrán ní àjẹjù. Ó fi gọ́ọ̀mù líle dí ojú ibi tó bàjẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, àwòrán náà sì hù jáde bí ọgbẹ́ tó jinná. Ó wá sọ àṣìṣe náà di ọ̀nà iṣẹ́ tuntun. “Ìjàpá,” ni Agẹmọ wí, “kí lo ti bàjẹ́ nínú yàrá rẹ?”

“Táìsì méjì péré, bàbá. Alángbá ti pààrọ̀ wọn.”

Ọjọ́ ìṣílé pé. Aṣọ ẹbí ni, Erin nìkan gba búńdù mẹ́ta. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n dúró síwájú fèrèsé, wọ́n ń fi fóònù ya ara wọn. Kìnnìún wo ògiri ọ̀tún, ó wo tòsì. Ó ní, “Ìjàpá, àwòrán dà?”

Òógùn bo Ìjàpá. Ó ní àwòrán ti wà lójú ọ̀nà, orin ni wọ́n fi ń pè é. Ó bá kọrin:

Mo ra búrọ́ọ̀ṣì, mo ra kánfáàsì,
*Jáńjan kájàn.*
Mo ṣí fèrèsé sí àríwá o,
*Jáńjan kájàn.*
Ìmísí wà lára ògiri,
*Jáńjan kájàn.*
Àwòrán, dìde, wá fúnra rẹ,
*Jáńjan kájàn.*
Wá jókòó jẹ́ẹ́ nínú férémù,
*Jáńjan kájàn.*

Gbogbo ẹranko gbe orin náà títí ọ̀fun fi gbẹ. Àwòrán ò wá. Ajá nìkan ló wọlé, ó jẹ ẹran tó ṣẹ́kù.

Ìjàpá ní ẹ̀bi àwọ̀ ògiri ni. Ó ní kí Alángbá kùn ún ní pupa. Alángbá mi orí, ó pe Ọ̀kẹ́rẹ́ pẹ́ńtà. Pupa ò mú àwòrán wá. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ aró. Oṣù kẹrin wọlé, oòrùn yà sọ́dọ̀ Ìjàpá gẹ́gẹ́ bí Agẹmọ ti wí, ọ̀dà yọ́ nínú ìgò, òdòdó oníke tẹrí ba. Èéfín jẹnẹrétọ̀ gba etí gíláàsì wọlé, ó sọ aró di èédú. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé. Wọ́n kùn ún ní ìyeyè. Odidi oṣù ni Ìjàpá fi ń jókòó lórí àga tìmùtìmù láàárín àwọ̀ kan sí èkejì, tí yóò máa ronú. Mo mọ àwọn kan tó ṣì wà lórí àga yẹn.

Bí Ìjàpá bá ti ń ronú, Ọ̀kẹ́rẹ́ á jókòó sórí dúrọ́ọ̀mù, torí ẹnikẹ́ni ò ní kó máa lọ. Ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù, á ti ìrù bọ̀ ọ́, á máa fi kun pátákó búrẹ́dì tó wà nígun yàrá. Ṣé ẹ mọ̀ pé irun ìrù àwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì olówó iyebíye lókè òkun? Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé tirẹ̀ kiri lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwọ̀ karùn-ún gbẹ, afẹ́mọ́jú Agége ti wà lórí pátákó náà: ojú irin, àwọn obìnrin tó ru búrẹ́dì sórí, iná rélùwéè tó ń bọ̀ láti òkèèrè.

Ìjàpá rí i. Kò bèèrè ẹni tó ṣe é. Ó fi férémù sí i, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀, ó ké sí Kìnnìún. Kìnnìún sanwó lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ gbé e, Yánníbo wọlé, ó ní, “Kábíyèsí, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.” Wọ́n yí i. Iyẹ̀fun ṣì wà níbẹ̀, àti orúkọ àwọn tó jẹ Yánníbo ní gbèsè búrẹ́dì. Nígbà náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ náà gbé ìrù rẹ̀ sókè, àwọ̀ márààrún wà lórí rẹ̀.

Ìjàpá ní òun ló ra ọ̀dà. Kìnnìún ní ọ̀dà tó rà wà lára ògiri rẹ̀, kó lọ máa wò ó. Ó pín owó náà sí méjì: ìdajì fún ẹni tó ni pátákó, ìdajì fún ẹni tó ni ìrù.

Yánníbo gba yàrá rẹ̀ padà. Ṣẹ́ẹ̀fù Òkobàbá yẹn gba búrẹ́dì púpọ̀, igi oníbíréèkì ń ti ọjà dé títì, àwọn oníbàárà sì ń jókòó sórí àga tìmùtìmù. Ó ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ BÚRẸ́DÌ sórí ÌMÍSÍ, ó sì san owó iṣẹ́ rẹ̀.

Alángbá nìkan ni Ìjàpá kò san ìyókù owó fún. Bí ẹ bá rí i lórí fẹ́ńsì ilé-iṣẹ́ kan ní Ọba Akran, tó ń mi orí, tó ń mi orí, kì í ṣe ẹ̀yin ló ń kí. Ó ṣì ń gbà fún oníbàárà ni.

Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ṣe ró. Pó, pó, pó.