Oko Bàbá Tó Di Ibùdókọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí Kétu ní Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe rí nígbà tó ṣì jẹ́ abúlé, kó lọ jókòó ti àwọn àgbà níbi ìkómọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ àmàlà tán. Kí omi ìṣanwọ́ tó tutù, ibùdókọ̀ ti di oko gbágùúdá, Ìkòsí ti di igbó ọdẹ, ọ̀yà sì ti ń sáré kọjá níbi tí oní-POS jókòó sí. Bàbá gbogbo wọn ló sì ni ilẹ̀ kan ṣoṣo yẹn! Bí ọmọ-ọmọ kan bá béèrè pé, "Bàbá, ìwé rẹ̀ dà?", wọ́n á ní kó lọ bu omi wá.

Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ṣá. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ìbàdàn ni ìjọba tó ń darí agbègbè yìí wà. Nígbà náà, ìyá àgbà tó ń gbé Kétu, tó wé gèlè pé òun ń lọ "Èkó", Ìdúmọ̀tà ní Erékùṣù Èkó ló ń lọ.

Odò Ògùn náà kò gbàgbé. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n tún ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, á wá bẹ ilẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ wò ní Máìlì 12, nítòsí Kétu.

Agboyi, tó wà nítòsí Kétu náà, ṣì ń lo ọkọ̀ ojú omi ní tirẹ̀. Alùpùpù pàápàá ń wọ̀ ọ́, ẹni tó ni ín á dì í mú bí ìyàwó tuntun. Òun tó ń gbé èrò ló di èrò, ó sì ń sanwó.