Ọ̀gbẹ́ni Mo-ti-kà-á Lọ sí Ìntáfíù

Bẹ́ ẹ bá rìn láti Mákun dé Ọ̀fín ní Ṣágámù, ẹ ó pàdé rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà. Mo sọ ọ́ ní Mo-ti-kà-á. Tísà físíìsì ni: láàárọ̀ níléèwé aládàáni, nírọ̀lẹ́ ní lẹ́sìnì. Bírò mẹ́ta kì í wọ́n lápò àyà rẹ̀, pupa, búlúù, dúdú. Ìwé past question rẹ̀ ti gbó débi pé rọ́bà ló fi dì í mú. Kò sí ìbéèrè tí WAEC bi rí tí kò lè ka ìdáhùn rẹ̀ fún yín láìwòwé. Ẹ kàn má ní kó wo nǹkan.

Níjọ́ tó lọ sí ìntáfíù níléèwé kan tí owó oṣù wọn sàn díẹ̀, màdámù pírínsípà na àwòrán kan sí i. Wọ́n ti pa gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́, ó ku ìlà àti ọfà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí níbí?"

"Ha, mà! Rutherford nìyẹn! Geiger àti Marsden, 1909. Rutherford túmọ̀ rẹ̀ ní 1911. Òfìfo ló pọ̀ jù nínú átọ́mù. Núkílíọ̀sì kéré, ó wúwo, pọ́sítíìfù ni."

Kò mí láàárín. Gbogbo rẹ̀ ló sì tọ̀nà.

"Ẹ ṣeun. Ọfà yìí ńkọ́? Kí ló dá a padà?"

"Ó padà, mà."

"Mo rí i pé ó padà. Kí ló dé?"

"Wọ́n ní díẹ̀ nínú wọn máa ń padà, mà."

Ṣáájú ìgbà yẹn, bí J. J. Thomson ṣe ṣàpèjúwe átọ́mù ni àwọn èèyàn fi wé pudding òyìnbó, tí ẹlẹ́kítíróònù há sínú rẹ̀ káàkiri. Mo-ti-kà-á ti fi pudding yìí kọ́ ọmọ àìmọye. Kò rí i rí, kò jẹ ẹ́ rí, kò sì wá sí i lọ́kàn pé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje tí ìyá rẹ̀ ń sè gan-an ló jọ ọ́. Ọ̀nà tí álífà gbà ni ọfà inú àwòrán náà. Álífà tí wọ́n yìn lu wúrà wúwo, eré burúkú ló ń sá, pọ́sítíìfù sì ni. Bó bá jẹ́ mọ́ínmọ́ín ni átọ́mù lóòótọ́, kí ni yóò wà nínú rẹ̀ tí yóò lágbára láti dá a padà? Èyí tó padà ti ko ohun kan tó kéré, tó wúwo, tí òun náà jẹ́ pọ́sítíìfù, ìyẹn ló tì í sẹ́yìn. Àwọn tó kọjá tààrà ló jẹ́rìí òfìfo. Inú àwòrán ni gbogbo rẹ̀ wà.

Àwọn tó ṣe ìdánwò náà gan-an, wíwò ni iṣẹ́ wọn. Ní 1909, ọdún tí wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, Hans Geiger àti Ernest Marsden, ọmọ ogún ọdún tí kò tíì gboyè, ń jókòó sínú òkùnkùn ní Manchester, wọ́n ń ka ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó ń ṣẹ́jú lára síkíríìnì tí wọ́n fi zinc sulphide kùn. Bí ọ̀kan nínú álífà 8,000 ló ta padà. (Lára pílátínọ́ọ̀mù ni wọ́n ti rí iye yẹn, kì í ṣe wúrà. Ẹ má sọ fún Mo-ti-kà-á, á bá yín jà.)

Màdámù ò tíì fi í sílẹ̀. Ó fi bírò tọ́ka sí núkílíọ̀sì: "Ṣé bó ṣe tóbi tó nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ átọ́mù fẹ̀ ju núkílíọ̀sì lọ ní ìlọ́po tó ju 10,000. Ẹni tó bá ya núkílíọ̀sì ní mìlímítà kan, átọ́mù rẹ̀ á ju mítà mẹ́wàá lọ, á ya ògiri ọ́fíìsì náà jáde.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ kọ́ ló kọ́ ọ báyìí o. Ní Ìkẹ́nnẹ́ níbẹ̀ ni Táì Ṣólárìn ti dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956, tó ní kí ọmọ iléèwé roko, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n lé e? Ní Mọ́ńdè, ó ti wọṣẹ́. Ẹni tó ni iléèwé ló pe màdámù sí kọ̀rọ̀: àwọn òbí kì í béèrè ohun tí tísà rí, A1 ni wọ́n ń béèrè. Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ọmọ kan nawọ́ lẹ́yìn kíláàsì: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tó jẹ́ wúrà ni wọ́n lò, tí kì í ṣe páànù?"

Mo-ti-kà-á tú rọ́bà ìwé rẹ̀. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó ní ìbéèrè yẹn ò tíì jáde rí.